Nígbà Tí Olùkọ́ Di Akẹ́kọ̀ọ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Gbogbo wa ni a ń pa òwe yìí. Àwa olùkọ́ tilẹ̀ ń fi kọ́ àwọn ọmọ ní kíláàsì. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ sọ òtítọ́, apá kejì òwe náà ni ó máa ń dùn mọ́ wa nínú jù, nítorí kò ṣòro fún àgbà láti gbà pé àgbà gbọ́n. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin òǹkàwé ni bí apá kìíní òwe náà ṣe wá bá mi ní ilé-ẹ̀kọ́ tí mo ti ń kọ́ni ní èdè Yorùbá, láàárín Agége àti Ìkẹjà, àti ohun tí ó ná ẹlòmíràn kí n tó rí ọgbọ́n náà kọ́.

Ẹni tí ó bá mọ agbègbè wa yóò mọ̀ pé àdúgbò òṣìṣẹ́ ni. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́ ni ó ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ ní Ìkẹjà fún àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá. Ní ọdún 1962 ni Guinness bẹ̀rẹ̀ sí í pọn ọtí níbẹ̀. Dunlop ń ṣe táyà níbẹ̀ títí di ọdún 2008 tí ó fi dáwọ́ iṣẹ́ náà dúró. Nínú àwọn òbí tí ń rán ọmọ sí wa, àwọn kan ṣì ń lọ iṣẹ́ òru àti iṣẹ́ ọ̀sán ní títì Ọba Akran; àwọn mìíràn ti di oníṣòwò kékeré láti ìgbà tí ilé-iṣẹ́ wọn ti kógbá sílé. Ní Ìkẹjà yìí kan náà, láti ìparí àwọn ọdún 1990, àdúgbò Ọ̀tígbà, tí ó jẹ́ ilé gbígbé lásán tẹ́lẹ̀, di ọjà ẹ̀rọ ayárabíàṣá àti fóònù tí gbogbo ayé ń pè ní Computer Village. Báyìí ni ọmọ ẹni tí ó ń rọ táyà lánàá fi di ẹni tí ó ń tú fóònù palẹ̀ lónìí. Àárín ibi méjèèjì yìí ni ilé-ẹ̀kọ́ wa wà, ṣùgbọ́n fún ọdún púpọ̀, pátákó dúdú àti ẹfun nìkan ni a mọ̀ nínú kíláàsì Yorùbá.

Ní oṣù Keje ọdún 2019, ìdánwò ìparí ọdún ku ọ̀la. Mo ti fi ọwọ́ kọ ìbéèrè mi, mo ti fi àmì sí i bí ó ti tọ́, mo sì ti gbé e fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń tẹ̀wé ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́bàá ọ̀nà. Nígbà tí mo gba ìwé náà ní ìrọ̀lẹ́, ìbéèrè kẹrin ni ojú mi kọ́kọ́ bà lé. Mo ti béèrè pé èwo nínú ọ̀rọ̀ mẹ́rin ni ó túmọ̀ sí ohun tí a fi ń gbálẹ̀. Mo sì ti to ọwọ́, ọ̀wọ̀, ọwọ̀ àti owó sílẹ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ mú ọ̀kan. Ohun tí mo bá nínú ìwé tí a tẹ̀ ni owo, owo, owo àti owo.

Mo kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo ṣí ojú ewé kejì ni ẹ̀rín náà gbẹ lẹ́nu mi, nítorí kò sí àmì kan ṣoṣo nínú gbogbo ìwé náà láti òkè délẹ̀. Mo padà lọ bá ọ̀dọ́mọkùnrin náà. Kò tilẹ̀ yà á lẹ́nu. Ó ní, “Àǹtí, ẹ má bínú o, kọ̀ǹpútà ò gbọ́ Yorùbá. Gbogbo tíṣà Yorùbá tó ń wá síbí, ọwọ́ ni wọ́n fi ń sàmì tiwọn.” Mo gbà á gbọ́. Mo kó ìwé tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún lọ sílé, mo mú bírò, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í sàmì lọ́kọ̀ọ̀kan lábẹ́ àtùpà oníbátìrì, nítorí pé iná mànàmáná ti lọ. Ní nǹkan bí agogo méjì òru, mo rí i pé oorun ti mú kí n fi àmì òkè sí ibi tí ó yẹ kí àmì ìsàlẹ̀ wà nínú ìwé mẹ́tàlélógún. Mo tún wọn ṣe. Kò sí ẹni tí mo bínú sí, nítorí mo rò pé bí iṣẹ́ olùkọ́ Yorùbá ti rí nìyẹn.

Ìtàn ni ó jẹ́ kí n rò bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 1843 tí Samuel Ajayi Crowther ti tẹ ìwé àkójọ-ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ni ọ̀rọ̀ àmì ti ń fa awuyewuye láàárín àwọn tí ń kọ èdè yìí. Wọ́n pe ìpàdé lé e lórí ní Èkó ní ọdún 1875. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé kọ ìwé lé e lórí ní ọdún 1965, ìjọba sì fọwọ́ sí àkọtọ́ tí a ń lò báyìí ní ọdún 1974. Àwọn olùkọ́ tí ó kọ́ mi sọ fún mi pé nígbà tí àwọn ń lo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́, bí àwọn bá tẹ̀wé tán, àwọn a tún mú kálàmù láti fi àmì sí i. Mo wá ka iṣẹ́ àṣekú yìí sí ogún tí a jẹ. N kò bi ara mi bóyá ẹ̀rọ òde òní lè ṣe é.

Nígbà tí a ṣe ìdánwò náà tán, tí mo ń kó ìwé jọ, ọmọkùnrin kan ní kíláàsì SS1 dúró lẹ́yìn. Ó ní, “Ẹ jọ̀wọ́ mà, ṣé ẹ̀yin lẹ fọwọ́ kọ gbogbo àmì yẹn?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó sì ní, “Ó ṣe é tẹ̀, mà. Mo lè fi hàn yín lọ́la, tí ẹ bá gbà kí n mú fóònù wá.” Kí n tó dáhùn, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ kún un pé, “Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, mà, ẹ má gbà á lọ́wọ́ mi.”

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí ni ó jẹ́ kí n wo ojú rẹ̀ dáadáa. Mo rántí rẹ̀.

Ní ìparí oṣù Kọkànlá ọdún 2018, mo ń kọ̀wé sí ojú pátákó nígbà tí mo yíjú padà, tí mo sì rí ọmọ yìí tí ó tẹ orí ba sábẹ́ tábìlì, tí ìka rẹ̀ ń yára lórí fóònù. Òfin ilé-ẹ̀kọ́ wa kò gba fóònù rárá. Mo rìn lọ bá a, mo sì na ọwọ́. Ó gbé e fún mi. Ó ní, “Fóònù màmá mi ni, mà. Wọ́n ní kí n gbé e lọ sí Ọ̀tígbà lẹ́yìn iléèwé kí wọ́n bá wọn pààrọ̀ gíláàsì rẹ̀.” Mo ní irọ́ ni ó ń pa. Mo bi í pé bí ó bá jẹ́ ti ìyá rẹ̀, kí ni òun wá ń fi ṣe lábẹ́ tábìlì? Ó la ẹnu láti sọ̀rọ̀, mo sì pàṣẹ pé kí ó pa á dé. Kíláàsì rẹ́rìn-ín. Mo ti fóònù mọ́ inú dúrọ́ọ̀ ní ọ́fíìsì títí di ìparí táàmù, gẹ́gẹ́ bí òfin ti wí.

Ìyá rẹ̀ wá ní ọjọ́ tí a fẹ́ ti ilé-ẹ̀kọ́. Obìnrin tí ó ju mí lọ dáadáa ni, síbẹ̀ ó kúnlẹ̀ kí mi kí n tó lè dì í mú. Búrẹ́dì ni ó ń tà nítòsí ojú irin Agége. Orí fóònù náà ni àwọn oníbàárà ti máa ń pè é ní ìdájí láti sọ iye búrẹ́dì tí wọ́n fẹ́. Ilé oúnjẹ kan tí ó ń ta fún àwọn òṣìṣẹ́ ní Ọba Akran máa ń gba ọgbọ̀n búrẹ́dì lọ́wọ́ rẹ̀ lójoojúmọ́. Wọ́n pè é fún ọjọ́ mẹ́ta, fóònù kò lọ. Wọ́n sì mú ẹlòmíràn. Kò bá mi jà. Ohun tí ó sọ kò ju, “Tíṣà, ẹ ṣé tí ẹ tọ́jú rẹ̀” lọ. Mo dá fóònù padà, mo sì bá ọmọ wí lójú ìyá rẹ̀ pé kí ó má tún ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Mo rò pé mo ti ṣe ojúṣe mi.

Ọmọ yìí kan náà ni ó fẹ́ kọ́ mi ní ohun tí n kò mọ̀.

Ní ọjọ́ kejì, ó mú fóònù náà wá, a sì jókòó ní yàrá àwọn olùkọ́. Kí ó tó ṣe ohunkóhun, ó ṣí ìwé kan tí ó ti tọ́jú sínú rẹ̀. Ẹ̀kọ́ mi lórí àrànmọ́ ni, èyí tí mo kọ sójú pátákó ní ọjọ́ tí mo gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti tẹ gbogbo rẹ̀ bí mo ti kọ ọ́, pẹ̀lú àmì orí àti àmì ìdí, láìṣi ju ẹyọ kan tàbí méjì lọ. Ó ṣàlàyé pé ìwé àjákọ òun ti kún ní ọjọ́ náà, màmá òun sì ní kí òun ní sùúrù di ọjọ́ Sátidé kí òun tó ra òmíràn. Mo ka ìwé náà dé ìsàlẹ̀. Ó parí sí àárín gbólóhùn. Ibi tí mo ti na ọwọ́ gba fóònù nìyẹn.

N kò mọ ohun tí ó yẹ kí n sọ. Mo ní kí ó fi bí a ti ń ṣe é hàn mí.

Ọjọ́ Sátidé ni ó máa ń lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀ tí ó ń tún fóònù ṣe ní Ọ̀tígbà, ibẹ̀ ni ó sì ti mọ̀ pé pátákó ìtẹ̀wé Yorùbá wà lórí fóònù, tí ẹnikẹ́ni lè yàn láìsan kọ́bọ̀. Ó yàn án fún mi lórí fóònù tèmi, tí mo ti ń lò fún ọdún mẹ́ta láti fi pe ènìyàn àti láti fi ka ìkíni òwúrọ̀ lórí WhatsApp. Ó fi hàn mí pé lẹ́tà tí ó ní àmì ìdí wà fún ara rẹ̀, àti pé bí a bá ti tẹ lẹ́tà tán, a lè tẹ àmì ohùn lé e lórí. Mo tẹ ọwọ́. Mo tẹ ọ̀wọ̀. Mo tẹ ọwọ̀. Mo tẹ owó. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúró lójú fóònù, ìkínní kò jọ ìkejì. Mo wo bírò tí ó wà lórí tábìlì mi, mo sì rántí òru tí n kò sùn.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí. Mo rí i pé kì í ṣe pé kọ̀ǹpútà kò gbọ́ Yorùbá. Àwa ni a kò bi í ní ohun tí ó mọ̀. Ìlànà kan wà tí a ń pè ní Unicode, tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ káàkiri ayé fi ẹnu kò lé lórí, tí ó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn nínú ìlànà náà. Bẹ́ẹ̀ ni á, à, é àti è. Ṣùgbọ́n ẹ́, ẹ̀, ọ́ àti ọ̀ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ mú lẹ́tà, kí ó sì gbé àmì gùn ún lórí. Ìdí nìyí tí àmì wa fi máa ń yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tàbí kí ó di àpótí kékeré, bí a bá gbé iṣẹ́ wa lọ sórí kọ̀ǹpútà tí fọ́ǹtì rẹ̀ kò mọ bí a ti ń gbé e. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi ní ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbé ìbéèrè tí mo fúnra mi tẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ náà ni ó tún kọ́ mi pé kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ di PDF kí n tó fi ránṣẹ́, nítorí nígbà náà, fọ́ǹtì tí mo lò yóò bá ìwé náà lọ. Láti ìgbà náà, n kò tún fi bírò sàmì sí ìbéèrè ìdánwò mọ́.

Mo tún rí i pé àwọn ọmọ Yorùbá kan ti ń jìjàdù lórí ọ̀rọ̀ yìí nígbà tí èmi ń sùn. Dókítà Túndé Adégbọlà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní African Languages Technology Initiative ní Ìbàdàn ti ń ṣiṣẹ́ lórí bí ẹ̀rọ yóò ṣe lè kọ èdè wa, tí yóò sì lè gbọ́ ọ. Kọ́lá Túbọ̀sún wà nínú àwọn tí ó béèrè ní ọdún 2012 pé kí Twitter di ohun tí a lè lò ní èdè Yorùbá, òun náà ni ó sì dá ìwé-atúmọ̀ orúkọ Yorùbá sílẹ̀ lórí ìtàkùn àgbáyé. Google fi Yorùbá kún àwọn èdè tí ó ń túmọ̀ ní ìparí ọdún 2013. Ohun tí ó kù kò sí lọ́wọ́ wọn mọ́. Ó wà lọ́wọ́ àwa tí a dúró níwájú àwọn ọmọ.

Ṣùgbọ́n kí n tó lọ jìnnà, gbèsè kan wà lọ́rùn mi. Ní ọ̀sẹ̀ tí ilé-ẹ̀kọ́ wọlé fún ìsinmi ọdún 2019 yẹn, mo lọ bá ìyá ọmọ náà ní ìdí àtẹ rẹ̀. Mo tọrọ àforíjì. Mo sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ kò purọ́, àti pé ẹ̀kọ́ tí mo ń kọ́ni gan-an ni ó ń kọ sílẹ̀. Ó wò mí, ó ní, “Tíṣà, ó ti kọjá. Ẹ ṣáà máa bá mi kọ́ ọ.” Mo béèrè nípa ilé oúnjẹ tí ó wà ní Ọba Akran. Ó ní wọn kò padà wá. Mo ra búrẹ́dì méjì, ó sì fi ẹ̀kẹta ṣe ènì fún mi. N kò rí ohun tí mo lè fi dí àlàfo ọgbọ̀n búrẹ́dì ojoojúmọ́. Ó ṣì ń dùn mí títí di òní.

Kò pẹ́ sí i ni àjàkálẹ̀ àrùn COVID-19 dé. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹta ọdún 2020 ni a ti ilé-ẹ̀kọ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, nígbà tí ó sì di ọjọ́ 30, ìjọba ní kí oníkálùkù jókòó sílé. Ìjọba Ìpínlẹ̀ gbé ẹ̀kọ́ sórí rédíò àti tẹlifíṣàn. Èmi náà dá kíláàsì Yorùbá sílẹ̀ lórí WhatsApp. Àwọn ọmọ tí ó wọlé kò tó ìdajì kíláàsì. Fóònù kan ni ó wà ní ọ̀pọ̀ ilé, ẹni tí ó ń wá oúnjẹ ni ó sì ni ín ní ọ̀sán. Mo wá yí àkókò ẹ̀kọ́ sí agogo mẹ́jọ alẹ́, nígbà tí àwọn òbí ti dé. Ìyá oníbúrẹ́dì wà nínú àwọn tí ó ń gbé fóònù wọn fún ọmọ láti agogo mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án lálaalẹ́. Fóònù tí mo tì mọ́ dúrọ́ọ̀ ni ó di kíláàsì mi.

Níbẹ̀ ni mo ti rí àǹfààní kan tí ẹ̀rọ yìí ní fún èdè wa ju fún ọ̀pọ̀ èdè lọ. Èdè olóhùn ni Yorùbá. Ohùn ni a fi ń mọ̀ ọ́n. Nígbà tí dátà kò tó fún àwòrán, mo máa ń gba ohùn mi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta, mo sì máa ń fi ránṣẹ́. Ọmọ lè tẹ́tí sí ọ̀wọ̀ àti ọwọ̀ ní ìgbà mẹ́wàá, kò sì ní sí ẹni tí yóò fi í rẹ́rìn-ín. Mo ní kí wọ́n gba oríkì ilé wọn sílẹ̀ lẹ́nu ìyá àgbà tàbí bàbá àgbà. Àwọn kan fi ti Ẹ̀gbá ránṣẹ́, àwọn kan ti Ìjẹ̀bú, àwọn kan ti Ọ̀ffà. Ọmọbìnrin kan fi oríkì kan ránṣẹ́ ní oṣù Karùn-ún. Nígbà tí a wọlé padà, ó sọ fún mi pé ìyá àgbà náà ti kú. Ohùn rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Ẹ má rò pé àǹfààní nìkan ni mo rí. Ní ọdún 2022, akẹ́kọ̀ọ́ mi kan tí ó gbawájú nínú ìdánwò àṣewò ilé-ẹ̀kọ́ lọ ṣe ìdánwò JAMB, ó sì gba máàkì tí kò gbé e dé ibi tí ó ń lọ. Ó wá sọkún lọ́dọ̀ mi. Ó ní, “Mà, mo mọ ìdáhùn, ọwọ́ mi ni kò mọ ọ̀nà.” Kò fọwọ́ kan máòsì rí títí di òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Láti ọdún 2013 ni JAMB ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo kọ̀ǹpútà, nígbà tí ó sì di ọdún 2015, a pa ìdánwò orí ìwé tì pátápátá. Ìbéèrè 180 ni fún wákàtí méjì. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀: ogójì ìṣẹ́jú àáyá ni fún ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tí ó bá ń fi ogún ìṣẹ́jú àáyá wá ibi tí ọfà kékeré náà wà lójú ẹ̀rọ, ìdajì àkókò rẹ̀ ti lọ kí ó tó ronú. Ọdún kan gbáko ni ọmọ yìí fi jókòó sílé kí ó tó tún un ṣe, kí ó sì yege.

Mo bi ara mi pé ta ni ó kùnà nínú ìdánwò ọdún 2022? Èmi tí mo mọ̀ pé orí kọ̀ǹpútà ni wọn yóò ti ṣe é, tí mo sì ń sọ pé olùkọ́ Yorùbá ni mí, ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà kò kàn mí, ǹjẹ́ mo lè bọ́ nínú ẹ̀bi náà? JAMB ti ṣe ètò kan tí ọmọ lè fi bọ́tìnnì mẹ́jọ péré ṣe gbogbo ìdánwò náà láìfọwọ́ kan máòsì: A, B, C àti D fún ìdáhùn, N láti lọ síwájú, P láti padà sẹ́yìn, S láti fi iṣẹ́ sílẹ̀, R láti yí ọkàn padà. Báyìí, mo ti ya pátákó ìtẹ̀wé sórí páálí, mo sì ti kùn ún. Àwọn ọmọ ń fi ìka wọn dára yá lórí rẹ̀ bí mo ṣe ń ka ìbéèrè Yorùbá, tí ọ̀kan nínú wọn sì ń ka ìṣẹ́jú àáyá. Kò gba iná, kò gba dátà. WAEC pàápàá ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo kọ̀ǹpútà fún àwọn tí ń dá ìdánwò ṣe láti ọdún 2024. Bí onílù bá yí ìlù padà, oníjó a yí ijó padà.

Ìṣòro mìíràn tún yọjú. Ní ọdún 2024, mo ní kí àwọn ọmọ kọ àròkọ lórí ẹni tí wọ́n fẹ́ràn jù. Ọ̀kan kọ ọ́ pé, “Ìyá mi àgbà kọjá lọ ní ọdún tí ó kọjá.” Mo pè é, mo ní, “Ìyá àgbà kọjá lọ síbo?” Ojú tì í. Ẹ̀rọ ni ó bá a túmọ̀ rẹ̀ láti èdè Gẹ̀ẹ́sì. Bí ó bá jẹ́ tẹ́lẹ̀ ni, òdo ni ǹ bá fún un, ǹ bá sì gba fóònù. Dípò bẹ́ẹ̀, mo kọ gbólóhùn náà sójú pátákó, mo sì bi kíláàsì bí Yorùbá ṣe ń sọ ọ́. Wọ́n ní ó kú. Wọ́n ní ó di olóògbé. Wọ́n ní ó jẹ́ Ọlọ́run nípè. Ọ̀kan ní bí ó bá jẹ́ ọba ni, a ó ní ó wàjà. Ẹ̀kọ́ ogójì ìṣẹ́jú ni gbólóhùn kan ṣoṣo yìí bí. Láti ìgbà náà, lọ́jọ́ Ẹtì, mo máa ń mú ohun tí ẹ̀rọ túmọ̀ wá, àwọn ọmọ a sì máa wá àṣìṣe inú rẹ̀. Wọ́n ti wá mọ̀ pé ẹ̀rọ lè yára bí àṣá, kí ó má sì mọ ibi tí ó ń lọ. Ẹni tí ó gbọ́ èdè nìkan ni ó lè bá a wí. Nítorí náà, iṣẹ́ tiwa kò tíì tán. Ó tilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ̀ sí i ni.

Ní ọdún 2013, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lábẹ́ Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá pín ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ girama, tí ó kó ìwé ẹ̀kọ́ àti ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá sínú. Wọ́n sọ ọ́ ní Ọ̀pọ́n Ìmọ̀. Orúkọ yẹn dára púpọ̀ lójú mi, nítorí gbogbo wa ni a mọ̀ pé ọpọ́n kì í fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó jókòó tì í ni ó gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ó tẹ̀ sórí rẹ̀, kí ó sì lè tú u fún ẹni tí ó wá béèrè. Bí a bá kó ẹ̀rọ fún ọmọ, tí a kò kọ́ olùkọ́, ọpọ́n lásán ni a gbé kalẹ̀.

Òfin fóònù ṣì wà ní ilé-ẹ̀kọ́ wa, n kò sì sọ pé kò dára. Mo mọ ohun tí ọmọ lè fi fóònù ṣe tí kì í ṣe ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀gá-àgbà wa ti gbà pé kí ìwọ̀nba fóònù tí àwọn òbí bá fọwọ́ sí máa wọ kíláàsì mi fún ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ẹtì, kí n sì máa kó wọn sínú àpótí bí a bá ti ṣe tán. Kì í ju márùn-ún tàbí mẹ́fà lọ, ọmọ mẹ́jọ mẹ́jọ a sì máa yí ọ̀kan ká. Ó sì ń lọ bẹ́ẹ̀.

Ọmọkùnrin tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde ní ọdún 2021. Ó ní àyè tirẹ̀ ní Ọ̀tígbà báyìí, ó sì ń ka ìwé lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ náà. Bí ó bá fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi, gbogbo àmì rẹ̀ a máa pé. Nígbà mìíràn, èmi ni mo máa ń gbàgbé tèmi, a sì tún un kọ padà sí mi, a ní, “Ẹ má bínú, mà.”

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, n kò bẹ̀ yín pé kí ẹ di onímọ̀ ẹ̀rọ. Ohun tí mo bẹ̀ yín ni pé nígbà tí ẹ bá rí ọmọ tí ó tẹ orí ba lórí fóònù, kí ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí ó ń kọ kí ẹ tó na ọwọ́. Bí ó bá sì mọ ohun tí ẹ kò mọ̀, ẹ bi í. Abèèrè kì í ṣìnà, ìbáà jẹ́ ọmọdé ni a bi.